Ọjọ́ Tí Gókípà Wa Kúnlẹ̀

Kò sí ẹni tó yàn mí ní kóòṣì. Aṣọ ni mo lọ gbé fún wọn. Télọ̀ ni mí ní Mamobi, nílùú Accra, èmi ni mo rán jẹ́sì fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, èmi náà ni mo rán nọ́ńbà mọ́ ọn lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí mo gbé e dé pápá, ọkùnrin tó ń kọ́ wọn ti wọkọ̀ lọ sí Kumasi, kò sì dágbére fún ẹnì kankan. Àwọn ọmọ tò síwájú mi, wọ́n ń wò mí lójú. Mo ní kí wọ́n sáré yí pápá ká kí n lè ráyè ronú ohun tí màá sọ. Wọ́n sáré, wọ́n padà dé, wọ́n tún ń wò mí lójú. Bí mo ṣe di kóòṣì nìyẹn, wọn ò sì tíì rí ẹni gbà á lọ́wọ́ mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Àwọn bàbá ọmọ máa ń sọ fún mi pé Ọlọ́run ni yóò san án fún mi. Mo ti kíyè sí i pé ohun tí àwọn èèyàn ò bá fẹ́ fọwọ́ ara wọn kàn ni wọ́n máa ń yára gbé lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Tí Ó bá fẹ́ san án fún mi lóòótọ́, kí Ó kọ́kọ́ bá mi wá ẹni tí yóò máa fọ jẹ́sì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Sátidé ṣe máa ń rí, nítorí àwọn kan rò pé kóòṣì kàn ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ni, tó ń nàka síbí, tó ń nàka sọ́hùn-ún. Láàárọ̀, kí n tó fẹnu kan omi, màá ti lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń se kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àwọn ará Ghana, lẹ́yìn ilé wa lọ gba eérú. Eérú yẹn la fi ń fa ìlà sí pápá. Tí atẹ́gùn bá fẹ́, ìlà náà á ṣí lọ sí ibòmíràn, àwọn bàbá ọmọ á sì wá bi mí pé kí ló dé tí ìlà wa fi wọ́. Pápá náà pupa, ó le, kò sí koríko kankan lórí rẹ̀ àfi èyí tó hù sí ojú góòlù, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò sì ti gbà pé torí tiwọn ló ṣe hù síbẹ̀. Màá lé ewúrẹ́. Màá ṣa ìgò fífọ́ àti ìṣó. Màá so àwọ̀n mọ́ òpó góòlù, àwọ̀n tí mo ti fi abẹ́rẹ́ ara mi tún ṣe títí, tí òwú tèmi fi pọ̀ ju òwú tí wọ́n fi hun ún lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìjà àtíbàbà. Ní gbogbo Sátidé ní Accra, ẹnì kan ń sìnkú, ẹlòmíràn ń sọ ọmọ lórúkọ, kò sì sí ibi tí ojú wọn máa ń lọ àfi àárín pápá wa. Wọn á ti gbé irin àtíbàbà dé, wọn á ti kó àga oníke jọ. Màá dúró sójú ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́, màá fi ọwọ́ sí ìbàdí, a ó sì máa jà ní Twi. Mo máa ń borí, nítorí àwọn ní ibi iṣẹ́ mìíràn láti lọ, èmi ò ní.

Tí ìyẹn bá parí, màá máa ti ojúlé dé ojúlé kó ọmọ jọ. Ọ̀kan wà ní ilé-kéwú, áfáà ò tíì tú wọn sílẹ̀. Ìyá òmíràn ti rán an lọ lọ ata. Ẹnì kẹta ò rí bàtà rẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó. Màá tún lọ fa rẹfirí jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Nima. Onígbàjámọ̀ ni. Kì í fọn fèrè àfi tó bá jẹ ìrẹsì ẹlẹ́wà tí wọ́n ń pè ní wáákyé yó, tó bá sì ti yó, kì í lè sáré mọ́, ó kàn ń dúró lágbedeméjì ni tó ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀ọ́kán.

Àwọn bàbá ọmọ ńkọ́? Wọ́n wà lórí fóònù. A ní gúrúùpù kan níbẹ̀ tí gbogbo wọn ti ń sọ̀rọ̀. Tí mo bá bèèrè pé ta ni yóò gbé omi wá, ta ni yóò fọ jẹ́sì, wọn á fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé bí ẹni ń gbàdúrà ránṣẹ́ sí mi. Èmi ò mọ ohun tí ọwọ́ yẹn túmọ̀ sí. Omi kò bá a wá rí. Ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù bá ti ń yí, gbogbo wọn á dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì di kóòṣì, àfi èmi.

Ohun kan ṣoṣo tí wọn kì í jẹ́ kó yẹ̀ ni ìkíni. Àwọn àgbà Yorùbá àdúgbò wa máa ń jókòó sábẹ́ igi dongoyárò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, òfin wọn sì ni pé bọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ yí kí àwọn ọmọ tó wá kí wọn. Kì í ṣe ká kàn juwọ́ o. Àwọn ọmọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn ọmọbìnrin á fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, gbogbo rẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀ pupa, nínú jẹ́sì funfun. Àwọn bàbá ọmọ ló ní kí n fi aṣọ funfun rán an, wọ́n ní ó ń fi ìmọ́tótó hàn. Kí rẹfirí tó fọn fèrè àkọ́kọ́, àwọn ọmọ mi á ti dà bí ẹni tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti àná. Kóòṣì àlejò kan fà mí sẹ́yìn nígbà kan, ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ bóyá inú ló ń run wọ́n.

Gókípà wa, ọmọbìnrin ni. Kékeré ni, ó gùn lápá, kì í sọ̀rọ̀. Nínú ilé wọn, tí wọ́n bá sọ Yorùbá sí i, Twi ló fi ń dáhùn, tí wọ́n bá ní kó fi Yorùbá dáhùn, á dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sáàárín òpó méjèèjì, ẹ ó gbọ́ ohùn. Á máa pàṣẹ fún àwọn ọmọkùnrin tó ga jù ú lọ, ní Twi, ní Gá, ní Haúsá, wọn á sì máa sáré síbi tó ní kí wọ́n sáré sí. Ọwọ́ rẹ̀ kì í tàsé. Mo bi í nígbà kan pé níbo ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń hán nǹkan. Ó ní tí ilé ìwé bá ti gba ọlidé, òun máa ń tẹ̀lé bàbá òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Abossey Okai, bàbá òun á gun àkàbà lọ sí pẹpẹ òkè, á máa ju páàtì ọkọ̀ sílẹ̀ fún oníbàárà, òun á sì máa hán an. Tí ó bá jábọ́, ó bàjẹ́. Nítorí náà, kì í jábọ́.

Alájì ni gbogbo èèyàn ń pe bàbá rẹ̀ yìí. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò wá sí pápá rí, nítorí Sátidé ni ọjọ́ ọjà rẹ̀, ó sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ nípa ohun tí kò wá wò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà ti ibi ìdánrawò wọlé, bọ́ọ̀lù wà ní abíyá rẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Àwọn àlejò wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó kí wọn lórí ìrìn, ó sì kọjá lọ sídìí omi. Ó parí. Lọ́jọ́ kejì, Alájì dé ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ náà ń tẹ̀lé e lẹ́yìn.

"Àǹtí, a dúpẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lórí àwọn ọmọ wa," ó ní. "Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù yìí ti ń jẹ ẹ̀kọ́ ilé kúrò lára ọmọ mi."

"Kí ló ṣe, Alájì?"

"Ó kí àwọn àlejò mi lórí ìdúró. Kódà kò dúró. Ó ń kí wọn, ó ń lọ, bíi méètì tó ń pe èrò sínú ọkọ̀ láti ojú fèrèsé trotro."

"Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́."

"Òùngbẹ kì í dá orúnkún dúró." Ó fa ọmọ náà síwájú. "Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Màá fi ojú ara mi wo ohun tó ń kọ́ níbẹ̀. Tí mo bá rí i tó dojú kọ àgbà láì kúnlẹ̀, ọjọ́ náà ni bọ́ọ̀lù parí. Màá gba bàtà yẹn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mi ò sì ní dá a padà." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ibikíbi tí o bá ti rí mi, kúnlẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó sì kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi tó kún fún àkísà aṣọ àti píìnì. Nígbà tó dìde, mo rí píìnì kan lórúnkún rẹ̀. Ó yọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì mi.

Inú bí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ mi. Mo kàn bẹ Alájì pé kó tètè dé, kó jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà lábẹ́ dongoyárò, kí ọmọ náà lè kí i pẹ̀lú àwọn yòókù kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo wa sì sinmi. Ó ní kí n má ṣèyọnu, òun á ti dé kí n tó so àwọ̀n. Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Abossey Okai ní ọ̀sán Sátidé mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn wúlò fún.

Àwọn ọmọ Jamestown la fẹ́ bá gbá lọ́jọ́ náà. Wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú trotro wọn láì wọ bàtà, wọ́n tín-ín-rín, ẹsẹ̀ wọn le. Etí òkun ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, nínú iyanrìn, láàárín ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja, nítorí náà ilẹ̀ wa tó le dà bí ọ̀dà títì lójú wọn. Mo kó àwọn tèmi lọ sábẹ́ dongoyárò. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dìde, jẹ́sì wọn ti pupa. Gókípà wo gbogbo ojú tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ ò sí láàárín wọn. Ó padà sí góòlù rẹ̀, mo sì rí i pé ó ń bojú wẹ̀yìn.

A gbá a díẹ̀, kò sí ẹni tó gbá a wọlé. Àwọn bàbá ọmọ ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ìlà, wọ́n ń pàṣẹ. Ẹnì kan ní kí àwọn ọmọ lọ síwájú, ẹnì kan ní kí wọ́n padà sẹ́yìn, àwọn ọmọ sì ń gbìyànjú láti ṣe méjèèjì. Mò ń pín omi, mò ń lé ewúrẹ́ kan tó ti padà wá, mò ń so okùn bàtà ẹnì kan. Ìgbà yẹn ni Alájì dé.

Kò bá àwọn yòókù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Ó wá ibi tí ìbòòji wà, ìbòòji ọ̀hún sì wà lábẹ́ ògiri ẹ̀yìn góòlù wa. Ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dání láti Abossey Okai, bóyá kí wọ́n lè ṣe ẹlẹ́rìí. Wọ́n ti gba àga oníke lọ́wọ́ àwọn alátíbàbà. Wọ́n jókòó, wọ́n tún agbádá ṣe. Alájì sì wúkọ́.

Ẹ̀yin náà mọ ikọ́ yẹn. Àìsàn kọ́ ló ń fà á. Ikọ́ àgbà tó ti dé tí ẹnì kankan ò tíì kí ni.

Ní àkókò yẹn gan-an, ọmọ Jamestown kan tó kéré jù nínú wọn ti já gbogbo àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wa sílẹ̀, ó sì gbá bọ́ọ̀lù sí góòlù. Kò gbá a dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, bọ́ọ̀lù náà fò díẹ̀, ó balẹ̀, ó ń yí bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò tíì pinnu ibi tó ń lọ. Ìyá àgbà ì bá mú un. Gókípà wa ti tẹ̀ síwájú, ó ti na ọwọ́, nígbà tó gbọ́ ikọ́. Mo rí ojú rẹ̀. Ó wo bọ́ọ̀lù, ó wo ẹ̀yìn, ó wo bọ́ọ̀lù. Ó yí padà, ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, ó kó ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ káàsán, sà," ó kí bàbá rẹ̀. "Ẹ káàsán, sà," ó kí ọ̀rẹ́ àkọ́kọ́. "Ẹ káàsán, sà," ó kí ọ̀rẹ́ kejì.

Ká ní bàbá rẹ̀ nìkan ló wá, ó dá mi lójú pé ì bá rí bọ́ọ̀lù náà mú. Ọ̀rẹ́ kejì ló bà á jẹ́. Bọ́ọ̀lù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀, ó kan àwọ̀n tí mo fọwọ́ ara mi rán, ó gba abẹ́ rẹ̀ jáde, ó sì lọ dúró síbi bàtà Alájì.

Rẹfirí kọ́kọ́ wo ojú mi kó tó fọn fèrè. Mo rò pé kò tíì rí irú rẹ̀ rí nínú iṣẹ́ méjèèjì tó ń ṣe. Àwọn ọmọ Jamestown rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn lọ kúnlẹ̀ síwájú kóòṣì wọn, ó ń kí i pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn, àwọn yòókù ń kọ "Alata, Alata" lé e, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Ghana. Mi ò bínú sí wọn. Ká ní èmi ni wọ́n, èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Àwọn tiwa ni mo bínú sí. Àwọn bàbá ọmọ wọ̀nyí, tí wọ́n ti fi gbogbo ẹnu sọ pé àwọn ọmọ tí a bí sí Ghana kì í kí èèyàn, pé ojú wọn ti là jù, àwọn ló ń pariwo lé ọmọ náà lórí. Ẹnì kan ní ta ló ń kí èèyàn nínú góòlù. Ẹnì kan ní orí ọmọ náà ò pé kóraa, kò pé rárá. Ẹnì kan pè mí, ó ní, "Kóòṣì, ẹ yọ ọ́, ẹ yọ ọ́, kò mọ ohun tó ń ṣe." Ọkùnrin yẹn ló ti ọmọ kan lórí wálẹ̀ lábẹ́ dongoyárò láìpẹ́ sígbà yẹn, ó ní kò dọ̀bálẹ̀ kan ilẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn góòlù, inú àwọn ọ̀rẹ́ Alájì ń dùn. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ní, "Alájì, o bímọ. Ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́." Alájì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó wá wo bọ́ọ̀lù tó wà níbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo àwọn tó ń fi ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rín náà kò parí.

Nígbà tí ìlàjì àkọ́kọ́ parí, àwọn ọmọ kó jọ sídìí omi. Gókípà jókòó lọ́tọ̀, ó ń fa òwú kan tó yọ lára ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Mo lọ bẹ̀rẹ̀ tì í. Mo rò pé á sunkún, ṣùgbọ́n kò sunkún. Yorùbá ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kóòṣì, èwo ni kí n ṣe? Tí mo bá kí i, bọ́ọ̀lù á wọlé. Tí mi ò bá kí i, á gba bàtà mi."

Mo ní kó mu omi. Ohun tí kóòṣì máa ń sọ nìyẹn tí kò bá mọ ohun tó máa sọ.

"Ó dùn mí paa," ó ní. "Mo máa ń hán gbogbo rẹ̀."

Mo dìde, mo sì lọ bá bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé tí mo bá ń rìn báyẹn, kí wọ́n yà fún mi. Alájì ṣì jókòó sábẹ́ ògiri.

"Alájì, ẹ kú ìjókòó."

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí," ó ní, kò tilẹ̀ ronú kó tó sọ ọ́.

"Tí mo bá wá sí ṣọ́ọ̀bù yín ní Abossey Okai, tí mo bá yín pẹ̀lú oníbàárà, ta ló ń kọ́kọ́ kí ẹnì kejì?"

Ó wò mí. "Ẹ̀yin ni."

"Bí mo ṣe dàgbà jù yín lọ yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ bá mi lẹ́nu iṣẹ́ ni, Àǹtí. Ẹni tó dé ló ń kí ẹni tó bá."

"Ó dáa. Ta ló bá ta lẹ́nu iṣẹ́ lónìí?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, eré ọmọdé ni bọ́ọ̀lù, kì í ṣe iṣẹ́." Mo bi í pé tó bá jẹ́ eré, kí ló dé tí àwọn bàbá tó wà lọ́hùn-ún fi ń bú ọmọ náà bí ẹni tó jí ọjà gbé. Ó yíjú sí Alájì. Alájì ń wo ọmọ rẹ̀ tó dá jókòó. Mo fi wọ́n sílẹ̀, nítorí rẹfirí ti ń yọ́ lọ sídìí wáákyé lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìlàjì kejì, àwọn ọmọ yí góòlù padà. Gókípà wa bọ́ sí òdì kejì. Mo rí Alájì tó dìde, tó gbé àga oníke rẹ̀ lé èjìká, tó ń yí ẹ̀gbẹ́ pápá lọ pẹ̀lú agbádá rẹ̀ nínú eruku, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀lé e, wọ́n ń kùn. Kò sí ìbòòji kankan lọ́hùn-ún. Oòrùn ló wà níbẹ̀. Ó gbé àga kalẹ̀ lẹ́yìn góòlù, ó jókòó sínú oòrùn. Kò wúkọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbìyànjú láti wúkọ́, Alájì sì fọwọ́ lù ú nítan.

Láti ìgbà yẹn, mi ò fi bẹ́ẹ̀ wo bọ́ọ̀lù mọ́. Alájì ni mò ń wò, mò ń wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, mò ń wo bàtà tó wà níbẹ̀. Àwọn bàbá ọmọ ń pè mí pé kí n pààrọ̀ ẹnì kan. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ọmọ Jamestown kékeré yẹn tún já wọn sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbá a gidi. Bọ́ọ̀lù náà ń lọ sí igun òkè lápá ọ̀tún. Gókípà wa fò. Ó na apá rẹ̀ gígùn yẹn, ó hán an lójú òfuurufú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bó ṣe ń hán páàtì tó ń bọ̀ láti orí pẹpẹ, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kò jábọ́. Mo wo Alájì, mo rí i pé ó ti dìde dúró, ó la ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ju nǹkan sílẹ̀ láti òkè. Mo rò pé ìgbà yẹn ló mọ ẹni tó kọ́ ọmọ náà ní bọ́ọ̀lù.

Ọmọ náà dìde, bọ́ọ̀lù wà láyà rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ wà sí bàbá rẹ̀. Pápá ti dákẹ́ díẹ̀, a sì gbọ́ ohùn Alájì ketekete.

"Kú iṣẹ́ o."

Mo rí orúnkún ọmọ náà. Ó tẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ kígbe. Ó dà bí ẹni pé bàtà tèmi ni wọ́n fẹ́ gbà. Ó dúró báyẹn, bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, orúnkún rẹ̀ ní títẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó nà án tán. Ó gbójú sókè, ó fi Gá pàṣẹ pé kí àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn gòkè, ó dúró títí wọ́n fi gòkè, ó sì gbá bọ́ọ̀lù náà kọjá agbedeméjì. Alájì ṣì dúró, ó ń retí.

"Ẹ ṣé, sà," ọmọ náà ní. Kò yíjú padà, kò sì kúnlẹ̀.

Góòlù kan yẹn ni wọ́n fi nà wá. Rẹfirí fọn fèrè, àwọn ọmọ Jamestown ń jó lọ sídìí trotro wọn, àwọn bàbá ọmọ wa sì sọ gbogbo ohun tí wọn ì bá ti ṣe ká ní àwọn ni kóòṣì. Mo gbé àpò ńlá jáde, mo ní kí àwọn ọmọ bọ́ jẹ́sì sínú rẹ̀. Bí àwọn bàbá ọmọ ṣe rí àpò náà báyìí, ìrun pe ẹnì kan, ìyàwó pe ẹnì kan, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí dun ẹnì kan tó ti ń fò sókè láti ọ̀sán. Kò pẹ́ tó fi ku èmi, àpò, àti ewúrẹ́.

Alájì dé ọ̀dọ̀ mi, eruku ti sọ etí agbádá rẹ̀ di pupa bíi jẹ́sì àwọn ọmọ.

"Ta ló ń fọ èyí?"

"Èmi náà ni."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ẹ tún lè bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, Òun ni wọ́n ní yóò san án fún mi."

Ó ká agbádá lé èjìká. Ó gbé àpò náà, ó gbé e lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó ṣí bùútù, ó ti àwọn páàtì tó wà níbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì gbé e sí i. Ọmọ rẹ̀ ti jókòó síwájú ọkọ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta. Bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ń wo bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá yóò wà níbẹ̀ títí tí wọ́n á fi délé.

Ọ̀rẹ́ Alájì kan, èyí tó ní bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́, sún mọ́ ọn lẹ́yìn ọkọ̀. Ó rò pé òun ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Alájì, ọmọ yìí ò kúnlẹ̀ nígbà tó dá ọ lóhùn o. Mo rí i. O sì ti búra."

Alájì pa bùútù dé. "Ṣé o ò rí i pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni?" ó ní.

Ọmọ náà gbọ́. Ó kó ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn. Mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi lọ, kí n tó rántí pé n kò tíì tú àwọ̀n. Ewúrẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.